Igi Odò Tí O Fẹ́ Gbé fún Àwọn Ẹja

Òdòdè, Ìdànrè
Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Mórẹ́nikẹ́ mi,

Igi rẹ rì ní àárọ̀ òní. Ó ti lo ọjọ́ mẹ́tàlélógún nínú àgbá lẹ́yìn ilé, ó ń léfòó. Nígbà tí mo lọ pààrọ̀ omi rẹ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́fà ààbọ̀, n kò rí i lójú omi mọ́. Mo kọ́kọ́ rò pé ẹnì kan ti gbé e lọ. Mo ki ọwọ́ bọ omi títí dé èjìká, mo bá a nísàlẹ̀, ó dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́ bí ẹni tó rin ìrìn àjò délé.

Mo mọ̀ pé ìròyìn tí o ń dúró dè nìyí. Síbẹ̀, n kò fi igi náà ránṣẹ́ pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Kí o tó bínú, jókòó kí o kà á dópin. O mọ̀ pé n kì í sọ̀rọ̀ gùn lórí fóònù, bẹ́ẹ̀ ni n kò ní kọ irú ìwé yìí sí ọ lẹ́ẹ̀mejì.

Oṣù kan àti ọ̀sẹ̀ kan nìyí tí o ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé ní Àkúrẹ́, tí wọ́n fi àpótí gíláàsì ńlá tó wà níbi tí àwọn ọmọ ti ń dúró de dókítà sí ìkáwọ́ rẹ. O sọ fún mi pé ẹja inú rẹ̀ ti kú tán lẹ́ẹ̀mejì kí o tó débẹ̀. O ní dókítà sọ ọ́ lójú rẹ pé bí ó bá ṣe ìkẹta, òun yóò ta gíláàsì náà, iṣẹ́ rẹ yóò sì bá a lọ. N kò gbàgbé. Ìdí tí mo fi ń rọra ṣe gan-an nìyẹn.

Ìwọ fúnra rẹ lo rí igi yìí. Ọjọ́ tí o wálé, tí ìjọ wa lọ ṣe ìrìbọmi ni, níbi tí odò ti yí lábẹ́ àpáta. Gbogbo wa ti ń kọrin bọ̀ wálé nígbà tí a rí ọ lẹ́yìn pátápátá, láìwọ bàtà, tí o gbé igi tó gùn tó ọmọ ọdún mẹ́wàá lé èjìká, tí sùtánà funfun rẹ ti di aláwọ̀ ẹrẹ̀. Wòlíì wò ọ́ títí, ó ní, “Arábìnrin, a ní kí ẹ sọ ẹrù yín kalẹ̀ lódò, ẹ̀yin tún ru òmíràn bọ̀.” Gbogbo ìjọ bú sẹ́rìn-ín.

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí o gbé e sílẹ̀ níwájú ilé, ẹ̀rín tán lẹ́nu mi. Kò sí èèpo kankan lára rẹ̀ mọ́. Omi ti lá gbogbo ibi tó rọ̀ kúrò, ó ku egungun rẹ̀ nìkan: ẹ̀ka mẹ́ta tó yà bí ìwo àgbọ̀nrín, ihò kan lágbedeméjì tí ọwọ́ ọmọdé lè gbà kọjá, àti ìlà wẹ́wẹ́ tó ń ṣàn yí i ká gẹ́gẹ́ bí omi ṣe ń ṣàn yí òkúta ká. N kò mọ irú igi tí í ṣe. Mo ti kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní ẹ̀kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, n kò sì lè dárúkọ ohun tó wà níwájú mi. A bí mi sínú ìlú tí àpáta ti ń dí oòrùn lójú, nítorí náà ohun ńlá kì í tètè yà mí lẹ́nu. Igi yẹn yà mí lẹ́nu.

Mo sì gbà pé o nílò rẹ̀. O ṣàlàyé pé nínú gíláàsì tó ṣófo, ẹja kò ní ibi ìsásí, pé àwọn tó lágbára ń lé àwọn tó kéré kiri, wọ́n ń gé ìrù wọn jẹ. Òótọ́ ni. Ohun tí kò ní kọ̀rọ̀ kankan tó lè fara pamọ́ sí, ẹ̀rù ni yóò pa á kí àìsàn tó dé.

Ṣùgbọ́n o rántí ohun tí o sọ fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá.

“Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sínú mọ́tò lọ́la.”

“Kò tíì rì.”

“Màá so òkúta mọ́ ọn.”

“Omi rẹ̀ ṣì ń pọ́n.”

“Màámi! Igi ni o, kì í ṣe ìyàwó tí ẹ fẹ́ sìn lọ sílé ọkọ!”

Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi gbé fóònù sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo rò ó, mo sì rí i pé ìyàwó ni lóòótọ́. Ohun tí a fẹ́ tì mọ́ inú yàrá kan pẹ̀lú ohun ẹlẹ́mìí, tí àwọn yẹn kò sì ní ilẹ̀kùn tí wọ́n lè gbà jáde bí ìwà rẹ̀ kò bá dára, ó yẹ kí a mọ ilé tó ti wá.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà tèmi nìwọ̀nyí. Gbà wọ́n lọ́wọ́ mi kí o má baà rán tìrẹ.

Èkínní. Nígbà tí mo wà ní ọdún kejì ní yunifásítì, yàrá kan wà ní ẹ̀ka wa tí wọ́n to àpótí ẹja sí. Ọkùnrin tó ń tọ́jú wọn, Bàbá Láàbù ni gbogbo wa ń pè é. Kò ka ìwé púpọ̀, ṣùgbọ́n ó lè dúró lẹ́nu ọ̀nà kó sọ fún ọ̀jọ̀gbọ́n pé ẹja kan ń ṣàìsàn nínú àpótí tó wà ní ìgun yàrá. Mo bẹ̀ ẹ́ kó yá mi ní àpótí kékeré kan. Ó yá mi. Mo gé ẹ̀ka máńgòrò tútù, mo fi ọbẹ bó o, mo tì í bọ inú omi. Ní ọjọ́ kẹrin, omi náà ń yọ̀, ó sì ń rùn bí ẹ̀gbin fùfú. Bàbá Láàbù yọ ẹ̀ka náà, ó gbé e sí mi lójú. Ó ní, “Ọmọ Ìdànrè, igi tí kò tíì mọ̀ pé òun ti kú lo gbé fún ẹja.”

Nítorí náà, igi tó ti kú tipẹ́ ni kí o máa wá, tí oje rẹ̀ ti gbẹ kanlẹ̀. Fi èékánná tẹ̀ ẹ́. Bí èékánná bá wọlé, ó ti ń jẹrà, fi í sílẹ̀, tàbí kí o fi ọbẹ gé ibi tó rọ̀ kúrò títí o fi kan ibi líle. Gbóòórùn rẹ̀. Igi tó dára ń rùn bí ilẹ̀ lẹ́yìn òjò, tàbí kó máà rùn rárá. Bí òórùn rẹ̀ bá ta sí ọ nímú, má ṣe bá a jiyàn.

Èkejì. Lẹ́yìn ìtìjú ẹ̀ka máńgòrò, mo rí igi gbígbẹ kan tó dára. Inú mi dùn débi pé mo fi ọṣẹ ìfọṣọ fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, bí ẹni fọ kọ́là ilé ìwé. Ọpẹ́lọpẹ́ Bàbá Láàbù. Kí n tó gbé e wọ inú àpótí ẹja, ó ní kí n kọ́kọ́ rì í sínú garawa omi lásán di ọjọ́ kejì. Nígbà tí mo fi ọwọ́ rú omi garawa náà, ó hó. Mo dà á nù, mo bu òmíràn, ó tún hó. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ló fi hó. Igi a máa mu ohun tí a bá fún un, Mórẹ́nikẹ́, kì í sì í gbàgbé. Ọjọ́ tó bá wù ú ni yóò dá a padà. Búrọ́ọ̀ṣì líle àti omi lásán ni kí o fi fọ igi. Kò sí ọṣẹ, kò sí oògùn ìfọṣọ funfun, kò sí ọ̀dà tàbí òróró ìkungi. Báyìí ni mo ṣe fọ tìrẹ, mo fi igi tín-ín-rín wa inú gbogbo ihò rẹ̀, iyanrìn àti èèrà tó jáde nínú ibẹ̀ kún ọwọ́ méjì.

Lẹ́yìn ìyẹn ni sísè. Igi náà gùn ju ìkòkò èyíkéyìí nílé lọ, nítorí náà mo gbé àgbá lé orí ààrò, mo ki ìdajì rẹ̀ bọ inú omi, mo sè é fún wákàtí méjì, mo yí i, mo tún se ìdajì kejì. Bàbá Ṣakí ń kọjá lọ lẹ́bàá ọgbà. O mọ̀ ọ́n, òun ni ará Òkè Ògùn tó ti ń bá ìdílé wa pín kòkó kí o tó wọ ilé ìwé. Ó dúró, ó wo èéfín, ó wo orí igi tó yọ lẹ́nu àgbá.

“Ìyá Mórẹ́nikẹ́, ṣé ọ̀wọ́n ọjà ti wá dé orí kí ẹ máa se igi jẹ?”

“Ẹ jókòó, ó máa jinná láìpẹ́.”

“Rárá o. Eyín mi ò tó tiyín. Ẹ bá mi bu omi rẹ̀ nìkan.”

Ó rẹ́rìn-ín lọ. Ṣùgbọ́n omi tó ní kí n bu fún òun yẹn, ohun ìyanu ni. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ tí omi hó, ó pọ́n bíi tíì, nígbà tó ṣe, ó dúdú bí omi aró. Kò sí ohun tí mo fi sí i. Àwọ̀ tó wà nínú igi látìgbà tó ti wà láàyè ló ń jáde. Kì í pa ẹja. Ẹja odò wa ń gbé inú irú omi bẹ́ẹ̀, ó tilẹ̀ ń tù wọ́n lára bí kò bá pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tó ń bọ̀ wá gba abẹ́rẹ́ kò ní rí ẹja nínú omi dúdú, àwọn òbí wọn yóò sì rò pé o kò pààrọ̀ omi.

Ìdí nìyẹn tí a fi ń rẹ igi. Láràárọ̀ ni mo ń da omi àgbá nù tí mo ń pọn òmíràn. Mo ṣe ohun kan tí n kò sọ fún ọ. Lójoojúmọ́, kí n tó da omi náà nù, mo bu díẹ̀ sínú ìgò, mo kọ nọ́ńbà sí i, mo tò ó sójú fèrèsé yàrá rẹ. Ìgò mẹ́tàlélógún ló wà níbẹ̀ báyìí. Èkínní dúdú, ó dí ìmọ́lẹ̀ pátápátá. Èkejì rí bí ìdí ìkòkò. Ìkarùn-ún pọ́n bí epo. Láti ìkẹwàá lọ, ó ń di wúrà, ó ń di oyin, títí tí èyí tó gbẹ̀yìn fi mọ́ gaara. Lónìí tí oòrùn yọ láti ẹ̀yìn òkè, ìmọ́lẹ̀ gba inú gbogbo wọn kọjá sára ògiri, mo sì jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ bí ẹni tó wà nínú ilé àdúrà. Igi kan péré, tó ti kú kí a tó bí ìwọ, bóyá kí a tó bí èmi pàápàá, ni gbogbo àwọ̀ yẹn wà nínú rẹ̀. N kò rí ẹni tí mo lè pè wá wò ó. Mo wá ń kọ ọ́ sí ọ.

Ohun mìíràn tí yóò yà ọ́ lẹ́nu, tí n kò fẹ́ kó dẹ́rù bà ọ́: nígbà tí igi bá ti wọ inú àpótí fún ọjọ́ mélòó kan, ohun funfun kan yóò yọ sí i lára, yọ̀bọ̀yọ̀bọ̀ bí òwú tó bọ́ sómi. Má ṣe pariwo, má sì yọ igi náà. Mo ti wo irú rẹ̀ rí lábẹ́ awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá, ìlú odindi ni mo rí níbẹ̀, àwọn ohun ẹlẹ́mìí tó kéré ju eruku lọ, wọ́n ń jẹ, wọ́n ń bí sí i. Ẹja yóò jẹ wọ́n tán, tàbí kí o fi búrọ́ọ̀ṣì gbá a kúrò nígbà tí o bá ń pààrọ̀ omi. Bí igi kan bá sì ṣì ń léfòó lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, akọ òkúta ilẹ̀ wa ni kí o fi okùn ìpẹja so mọ́ ọn. Kì í yọ́ sínú omi. Má fi ìṣó lásán kàn án, ìdípẹtà yóò ba omi jẹ́.

Nísinsìnyí mo dé orí ọ̀rọ̀ tí mo ti ń yí po láti ìbẹ̀rẹ̀.

Àṣìṣe kẹta. Nígbà tí ọdún kejì yẹn ń parí lọ, mo wálé fún ìsinmi, mo rí igi kan nínú odò oko bàbá mi. Ó rẹwà. Mo ti gbọ́n wàyí: ó ti kú tipẹ́, ó le, kò rùn, mo fọ̀ ọ́ láìlo ọṣẹ, mo sè é, mo rẹ ẹ́ títí omi rẹ̀ fi mọ́. Bàbá Láàbù fi ọwọ́ pa á lára, ó ní, “Ọmọ Ìdànrè, o ti di ènìyàn.” Ó fi í sínú àpótí tó tóbi jù, níbi tí àwọn ẹja ọ̀jọ̀gbọ́n wà, tí wọ́n ti ń sin láti ọdún mélòó kan fún iṣẹ́ ìwádìí.

Fún ọjọ́ mẹ́jọ, ẹja àti igi ń gbé pọ̀ bí ẹbí. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹsàn-án, gbogbo wọn wà lójú omi, wọ́n la ẹnu. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, kò ku ẹyọ kan.

Ọ̀jọ̀gbọ́n dé. “Láàbù! Omi wo lo dà sí i?”

“Omi tí mo máa ń dà sí i náà ni, sà.”

“Ṣé omi ló wá pa ẹja?”

Bàbá Láàbù mú àwọ̀n, ó ń kó òkú ẹja. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn mo yọ́ wọlé, mo gbé igi náà lọ sẹ́yìn ilé, mo fi àdá là á. Inú rẹ̀ ní àwọ̀ ewé tó ti ṣá, bí ara owó bàbà tó ti pẹ́ nínú ilẹ̀. Ojú ẹsẹ̀ ni mo rántí. Ẹ̀bá igi yẹn ni àwọn òṣìṣẹ́ bàbá mi ti máa ń po oògùn aláwọ̀ aró tí wọ́n ń fín sí kòkó nígbà òjò, kí ó má baà dúdú lórí igi. Bàbà ló wà nínú oògùn yẹn. Ohun tó ń gba kòkó là, ìwọ̀nba díẹ̀ rẹ̀ ti tó pa ẹja. Igi ti mu ún láti ọdún dé ọdún. Sísè kò lè yọ ọ́ tán, rírẹ kò lè yọ ọ́ tán, nítorí kì í pọ́n omi, ojú kì í rí i.

Mo mọ̀. Mo sì dákẹ́. Mo ń rò pé bí wọ́n bá gbọ́, wọn yóò lé mi. Wọ́n yọ Bàbá Láàbù kúrò nídìí ẹja, wọ́n fi í sídìí koríko gígé. Fún ọdún méjì tó kù tí mo fi wà níbẹ̀, mo ń kọjá lára rẹ̀ nínú oòrùn, ó ń gbé àdá sílẹ̀ láti dá mi lóhùn: “Ọmọ Ìdànrè, báwo ni ìwé?” Èmi á kúnlẹ̀, èmi á ní dáadáa ni, sà.

Ìwọ ti wà lẹ́yìn mi nígbà tí mo wá a lọ sílé rẹ̀. Ọdún mẹ́rìndínlógún ti kọjá. Ó ti fẹ̀yìn tì, ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un lórí ìkúnlẹ̀. Ó tẹ́tí sílẹ̀ títí mo fi parí. Ó ní, “Mo mọ̀. Mo rí ẹ̀là igi náà lẹ́yìn ilé ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Mo ń dúró dè ọ́ kí o wá sọ ọ́.” Ó wá ní kí wọ́n bu omi fún mi mu, kí wọ́n sì gba ọmọ lẹ́yìn mi.

Mórẹ́nikẹ́, n kò tíì sọ èyí fún ẹnikẹ́ni rí, àfi òun àti bàbá rẹ kó tó di olóògbé. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ohun tí wọn kò sọ ni pé ẹlòmíràn ló ń gé koríko ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn.

Ìwọ yóò bi mí pé, ẹ̀yin tí ẹ mọ èyí, kí ló dé tí ẹ kò béèrè? Mo béèrè. O ní níbi tí odò ti yí lábẹ́ àpáta. Ọkàn mi balẹ̀. Nígbà èwe mi, kò sí oko kankan lókè ibẹ̀, omi tó ń ti orí òkè bọ̀ tààrà ni. Mo tilẹ̀ ń rò ó pé bóyá igi yẹn ṣubú nígbà tí ìyá ìyá mi ṣì ń gbé lókè, ní Òkè Ìdànrè àtijọ́, pé òjò ló ń tì í sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ọdún wọ̀nyẹn, bí àwọn ènìyàn wa náà ti sọ̀kalẹ̀.

Lánàá, nígbà tí mo gbé igi náà jáde kí n lè da omi nù, Bàbá Ṣakí wọlé wá kí mi.

“Ìyá Mórẹ́nikẹ́, ṣé ọbẹ̀ yìí ò tíì jinná síbẹ̀?”

“Ó kù díẹ̀. Ẹ wá wò ó.”

Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ tọ ẹ̀ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kò rẹ́rìn-ín mọ́.

“Níbo lẹ ti rí eléyìí?”

“Níbi tí odò ti yí, lábẹ́ àpáta.”

“Hẹn-ẹn. Ó jọ àga wa.”

“Àga wo?”

“Igi kan wà níbi tí a ti ń sọdá lókè lọ́hùn-ún. Ó yà báyìí. Orí rẹ̀ la máa ń gbé páǹpù lé bí a bá ń po oògùn kòkó, kó má baà fara kan ẹrẹ̀. Àga là ń pè é.”

“Lókè? Oko ta ló wà lókè odò yẹn?”

“Há! Oko tí a gbìn kí n tó bí àbígbẹ̀yìn mi, tí kòkó rẹ̀ ti ń so. Ẹ̀yin ọmọ onílẹ̀ yìí, bí wọ́n bá kó òkè yín lọ, àlejò ni yóò wá sọ fún yín.”

Mo bi í bóyá àga náà ṣì wà níbẹ̀. Ó ní omi kún gidigidi nígbà òjò tó lọ, òun kò sì tíì gba ibẹ̀ látìgbà náà. Ó lè wà. Ó lè ti ṣàn lọ. Ọ̀kan ṣoṣo nínú méjèèjì ni: bí àga wọn bá wà ní ààyè rẹ̀, igi mìíràn ni tìrẹ. Bí kò bá sí níbẹ̀, n kò ní gbà kí igi yìí dé Àkúrẹ́ láéláé.

O rí i pé àṣìṣe tuntun ni mo ṣe, ní ọjọ́ ogbó mi. Odò tí mo mọ̀ ní kékeré ni mo gbọ́kàn lé. Odò tó wà níbẹ̀ lónìí kọ́ ni mo béèrè nípa rẹ̀.

Láti Ọjọ́rú, kí Bàbá Ṣakí tó sọ̀rọ̀ àga, ni mo ti fi ìṣáwùrú mẹ́fà sínú garawa pẹ̀lú omi igi náà láti dán an wò. Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ṣì ń rìn lára garawa. Má fi ìyẹn yọ̀ o. Ọjọ́ mẹ́jọ ni àwọn ẹja ọ̀jọ̀gbọ́n fi rìn. N kò fẹ́ là á wò pẹ̀lú, nítorí bí mo bá là á, tó sì jẹ́ igi rere, a ti ba ohun tí a kò lè rí irú rẹ̀ mọ́ jẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe rèé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, kí dókítà tó wọ yàrá rẹ̀, lọ bá a. O ti sọ fún un pé igi ń bọ̀, o sì ti sọ fún àwọn ọmọ. Sọ fún un pé kò tíì bọ̀, kí o sì sọ ìdí rẹ̀, láìfi ohunkóhun pamọ́. Má sọ pé mọ́tò ló dá a dúró. Má sọ pé ara màmá kò yá. Bí ó bá fẹ́ bínú, kó bínú sí àpótí tí ẹja wà láàyè nínú rẹ̀. Ní báyìí ná, ra ìkòkò amọ̀ kéékèèké mẹ́ta tí wọn kò kun ní nǹkan kan, rẹ wọ́n, kí o fi ẹ̀gbẹ́ wọn lélẹ̀ nínú àpótí náà, kí ẹnu wọn kọjú sí ara wọn. Yóò tó àwọn ẹja kéékèèké sá sí. Kò ní rẹwà tó ìwo àgbọ̀nrín, ṣùgbọ́n ilé tálákà sàn ju ilé májèlé lọ.

Igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó wá. Má jẹ́ kí iṣẹ́ yìí mú ọ kánjú débi tí o kò fi ní wo òkèèrè mọ́. Ọlọ́run tó ń tọ́jú ohun tó kéré ju eruku lọ lára igi yóò tọ́jú rẹ.

Èmi ni ìyá rẹ tó fẹ́ràn rẹ.

Mo tún tú àpò ìwé yìí. Bàbá Ṣakí ti kúrò nílé láti ìdájí, ó ní òun yóò gba ibi ìsọdá yẹn kí òun tó dé oko. Orúkún mi kò lè gbé mi débẹ̀, fóònù kì í sì í wọlé níbẹ̀. Aago mẹ́rin ti kọjá, awakọ̀ Àkúrẹ́ tó máa gba ìwé yìí ti ń fọn fèrè lẹ́nu ọ̀nà, Bàbá Ṣakí kò tíì dé. Obìnrin kan tó ń ti oko bọ̀ sọ fún mi pé òun rí i lọ́sàn-án, ó dúró sínú odò dé orúkún, ó ń wo ìsàlẹ̀ omi. Mo bi í bóyá igi kankan wà níbẹ̀. Ó ní òun kò wò.